Wọ́n Pa Èèpo Mọ́, Wọ́n Da Inú Nù

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a pè mí sí ìgbìmọ̀ kan lórí ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ kan tí àwọn tó ni ín fẹ́ sọ di ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Ìwé Yorùbá ni wọ́n tẹ̀ jù níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n wá bá wọn wá orúkọ Yorùbá tí yóò dùn létí fún ọ́fíìsì tuntun náà. Ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ; mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ilé.

Àwòrán tí wọ́n tẹ́ síwájú wa dára lójú. Bíríkì pupa ìta yóò wà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn onírin ńlá yóò wà bẹ́ẹ̀. Wọn yóò fi ọ̀dà dúdú tó ń dán kun ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, wọn yóò sì gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí àlejò yóò ti máa dúró de ọ̀gá. Nínú ilé ńkọ́? Àjà tuntun yóò bo òrùlé gíga, wọn yóò di ọ̀wọ́ fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan pa, wọn yóò sì fi gíláàsì pín gbọ̀ngàn náà sí yàrá kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀. Ayàwòrán ilé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́yàyà kan, fi wá lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò fọwọ́ kan ìtàn ilé náà rárá. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ń bá jà.

Níbo ni ìtàn ilé ìtẹ̀wé wà? Láti ọdún 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà tí a fi òjé ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ojú òdì. Iṣẹ́ náà le fún Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ẹ, ọ àti ṣ fẹ́ àmì nísàlẹ̀, fáwẹ́lì sì tún fẹ́ àmì ohùn lórí. Ẹni tí yóò rí àmì tóótòòtó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé náà fi wà níbẹ̀! Nígbà mìíràn, àmì ohùn tí a kò rí nínú ìwé àtijọ́, tí a ń tìtorí rẹ̀ bú òǹkọ̀wé ní kíláàsì, òǹkọ̀wé kọ́ ló fi í sílẹ̀. Lẹ́tà alámì ló tán nínú àpótí. Àwa olùkọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ yọ ara wa sílẹ̀. A ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìpàdé ọdún 1875 tó wáyé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti dárúkọ ẹnì kan rí lára àwọn tó fi ìka to àkọtọ́ náà?

Mo mú ọ̀kan nínú wọn dání lọ síbẹ̀. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò wo bíríkì, kò wo ilẹ̀kùn onírin. Ó lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kẹta, níbi tí sìmẹ́ńtì ti jẹ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ lásán. "Dókítà, ẹ wò ó, ibí ni ẹ alámì máa ń wà." Fèrèsé kẹta yìí wà lára àwọn tí wọn yóò dí pa.

Ẹ jẹ́ kí á tilẹ̀ fi ìtàn sílẹ̀, kí á sọ ti ooru. Àwọn tó kọ́ ilé náà gbé òrùlé rẹ̀ sókè kí ooru lè rí ibi gùn lọ, wọ́n sì ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè gba inú kọjá. Ẹ rẹ àjà sílẹ̀, ẹ dí fèrèsé, kí iná mànàmáná wá lọ ní agogo méjì ọ̀sán. Fáìlì ni akọ̀wé yóò fi máa fẹ́ ara rẹ̀. Ta ni a wá ṣe ọ̀ṣọ́ fún?

Ayàwòrán wa fi Lọ́ńdọ̀nù dá wa lóhùn. Ó ní kí á wo ilé iná mànàmáná Battersea, tó dáṣẹ́ dúró ní ọdún 1983, tó wà lófìfo fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n sì tún ṣí ní ọdún 2022. Apple ní ọ́fíìsì níbẹ̀ báyìí. Mo gbà pé ó sàn ju kí ilé wó lọ, a sì ti wó ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí láìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n òpó èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí gbogbo ayé fi mọ ilé náà, wíwó ni wọ́n wó wọn, tí wọ́n tún irú wọn kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń darí iná ti di ilé ọtí. Èèpo náà dán. Èmi ń bèèrè ọmọ inú rẹ̀.

Bí a óò bá wòkè òkun, São Paulo ní Bràsíìlì ni kí á wò. Ní ọdún 1977, wọ́n fa ilé-iṣẹ́ àgbá onírin kan ní Pompéia lé Lina Bo Bardi lọ́wọ́. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó bá àwọn ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó bá àwọn ìdílé tó wá gbádùn ara wọn, ó sì pinnu pé ohun tí òun bá níbẹ̀ kò gbọdọ̀ parẹ́. Kò pín gbọ̀ngàn náà wẹ́wẹ́. Ọ́fíìsì tirẹ̀ pàápàá, inú ọgbà iṣẹ́ náà ni ó gbé e sí títí iṣẹ́ fi ń lọ. Wọ́n ṣí ibẹ̀ ní ọdún 1982. Lóòótọ́, ọ́fíìsì kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà, ibi eré, ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọwọ́ ni. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ wo ènìyàn kó tó mú rúlà.

Ohun tí mo bẹ ìgbìmọ̀ wa kò ju ìyẹn lọ: kí wọ́n pe àwọn atolẹ́tà tó kù láyé, kí wọ́n fi fèrèsé sílẹ̀, kí àpótí lẹ́tà díẹ̀ wà níbi tó wà, kí akọ̀wé sì gbé tábìlì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní owó kò sí. Èló ni a fi ń ra fèrèsé tó ti wà lára ògiri?

Wọ́n dí i. Wọ́n fún ilé náà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì tún pè mí mọ́. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ni wọ́n wọn lẹ́tà náà tà fún. Kí wọ́n tó kó o lọ tán, mo ra àpótí kan lọ́wọ́ wọn. Ó wà lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ èyí. Mo ti kà á: ọ alámì mọ́kànlélógún ló kù nínú rẹ̀, ṣ kan ṣoṣo.