Àdá Kò Pa Ewé Akíntọ́lá

Ìyá oníṣòwò kan ní Bàrígà bi mí léèrè ohun tí àwọn lè ṣe sí igbó tó gba ẹ̀yìnkùlé wọn, níbi tí wọ́n ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń bá wọn ṣán an. Bí òjò méjì bá ti rọ̀, igbó a tún dé. Mo bi wọ́n bí ewé náà ti rí. Wọ́n ní iṣan mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ, òórùn rẹ̀ a sì gbamú bí a bá fọwọ́ rún un. Ewé Akíntọ́lá nìyẹn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀.

Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mú un wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé àárín irúgbìn igi gmelina tí a kó wá láti Sílóònù, tí í ṣe Sri Lanka lónìí, ló fara pamọ́ sí dé agbègbè Ẹnúgù ní nǹkan bí ọdún 1937. Ọdún 1954 ni Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Akíntọ́lá sì gbà á ní 1959. Àlejò ni ewé yìí; òun ló wá fẹ́ di onílé.

Ṣíṣán kò pa á, nítorí ìdí rẹ̀ ló ni agbára. Bí a bá gé ọ̀pá kan, mẹ́ta mẹ́rin a yọ dípò rẹ̀. Iná kò sì ṣe é: ọ̀pá rẹ̀ gbígbẹ a jó fòfò, ó lè ran pákó aládùúgbò, ìdí rẹ̀ a sì tún hù.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo fún ìyá náà. Èkíní, ẹ fà á tu nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Èyí tó kéré, ọwọ́ tó o. Èyí tó ti dàgbà, ẹ fi ọkọ́ hú kókó ìdí rẹ̀ jáde, kí ẹ sá a sórí kọnkéré kí oòrùn pa á. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

Èkejì, ẹ ṣe é kó tó yọ òdòdó ní ìparí ọdún. Bí ọyẹ́ bá dé, irúgbìn rẹ̀ onírun a máa fò káàkiri, a sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ilé ìtẹ̀wé kún Ṣómólú. Ẹ tọrọ páálí tí wọn kò lò mọ́, ẹ rin ín, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ da ewé gbígbẹ lé e. Ẹ sì lè gbin ọ̀dùnkún, tí ìtàkùn rẹ̀ ń bo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tí ẹnì kan pa tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín bá kún fún un, iṣẹ́ yín yóò di asán, nítorí afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò, kí ẹ fi Sátidé kan jọ tu ú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi omi ewé yìí dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò rí i já létí ọ̀nà. Kò yẹ kó máa bá ewédú jẹun nínú abọ́ kan náà.