ỌMỌ TÍ KÉWÚ NIRA FÚN

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí máa ń sọ bí wọ́n bá mú ọmọ wá sí ilé-kéwú ní Ajégúnlẹ̀ níbí: "Àfáà, ẹ má wojú ẹ̀ o. Ẹ nà án kó mọ̀wé." A mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, ìbáwí tọ́ sí ìyẹn. Ọmọ tí ó jókòó, tí ó lanu, tí kò rí i pè, òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá na òun náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í díbọ́n: ẹnu á máa bá ẹgbẹ́ lọ, ojú kò sí lára wàláà. Ibn Khaldun ti kọ ọ́ sínú Muqaddimah rẹ̀ ní 1377 pé líle koko mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ a máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́.

Àwa náà ti jẹ̀bi rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò dá "bá" mọ̀ yàtọ̀ sí "tá", èyí tí ó ní àmì kan nísàlẹ̀ àti èyí tí ó ní méjì lókè. A nà án, a ní kí ó kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a kò dá wọn lẹ́kun. Ọjọ́ tí a tó béèrè ni a gbọ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ tírélà lọ́nà wáàfù Àpápá, kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, kí ó tó wá bá wa lẹ́yìn Alásàrí. Oorun ni ó ń bá a jà. A bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì dín ọjà náà kù. A wá ń mú ọmọ náà ní ìlà mẹ́ta péré kí àwọn yòókù tó dé. A kò fojú fo àṣìṣe kankan o. Ìlà tí kò bá yanjú, a kò ní ṣí sí òmíràn. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìbáwí? Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ka Juz Amma tán.

Ànábì wa (SAW) sọ ọ́, Àíṣà ni ó gbà á wá, ó sì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé ẹni tí ó ń kólòlò nídìí Al-Kùránì, tí ó nira fún un, láádá méjì ni tirẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun fún ní láádá méjì, àwa ń fún un ní ẹgba méjìlá!

Ní oṣù Kejìlá 2021, gbogbo Nàìjíríà ni ó rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú kan ní Gànmọ́, lẹ́bàá Ìlọrin, nítorí òde ọjọ́ ìbí. Ọ̀rọ̀ ìwà ni tibẹ̀, kì í ṣe ti ìwé, a gbà. Síbẹ̀, ìjọba Kwara dá sí i, ojú sì ti gbogbo wa.

Àwọn àgbà àfáà kan yóò ní, "Wọ́n nà wá ni a fi mọ̀." Òótọ́ ni. Ta ni ó ka iye àwọn tí ó sá lọ? Ní àdúgbò tiwa, ọmọ tí ó bá sá kúrò ní ilé-kéwú kì í lọ sọ́dọ̀ àfáà mìíràn, ìdí tírélà ni ó ń lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń mú ọmọ bọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ sọ ìgbà tí ó ń sùn fún wa, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí ó tó dé, àti bóyá ojú rẹ̀ ń rí pátákó dáadáa. Ẹgba tí ẹ mú dání, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un padà sílé.