Ẹ Má Fi Ìwé Ṣíà Wé Ọṣẹ o!

Ọ̀rọ̀ ṣíà PZ, àwọn tó ń ṣe Joy àti Robb, dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nísọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ kan l'Ọ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ ta ṣíà tí bàbá fi sílẹ̀ jàre," télọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀.

"Eélòó? Ta ló ń lé mi?"

Màmá jàre! Lọ́dún 2023, àwọn ọ̀gá PZ nílùú Òyìnbó fẹ́ ra gbogbo ṣíà ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Náírà 21 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá, ó di 23. Lọ́dún 2024, àjọ SEC tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà kò fọwọ́ sí i. Àbí, ta ní ń ta ọṣẹ níye tí oníbàárà bá kọ́kọ́ pè?

Àmọ́ orúkọ olóògbé ṣì wà lára ìwé o. Kí màmá gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù, kí wọ́n mú un tọ rẹ́jísírà lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí èrè tilẹ̀ dé, kò ní í tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.