Àmì Ohùn Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Àwọn kan tó ń ya àwòrán ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà ń wí pé ọ̀nà yòówù tí a bá gbà dín àwòrán kù nínú Photoshop, ọ̀kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nearest Neighbor a máa mú píksẹ́lì kan ṣoṣo, a sì pa àwọn aládùúgbò rẹ̀ tì, orúkọ yòówù tí ìbáà máa jẹ́. Bí a bá fi dín ojú ìwé Yorùbá kù, àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ lè pòórá, kí ọkọ̀ di oko. Bicubic ń wo píksẹ́lì 16 kí ó tó yan àwọ̀ ẹyọ kan. Lóòótọ́, ti àkọ́kọ́ yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ìkánjú náà wà fún? Ẹni tó tẹ ìwé náà kò kánjú nígbà tó ń to àmì sí i. Kí wọ́n fi Bicubic dín ẹ̀dà kù, kí wọ́n má sì pa ojúlówó àwòrán rẹ́.