Ìdánwò Ìkọ̀wé Tí Kò Béèrè Ìkọ̀wé

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ yunifásítì ní Nàìjíríà tí kò ní bá ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní ọdún kìíní. Ìbáà jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni ó wá kọ́, ìbáà jẹ́ òfin, dandan ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Use of English. Ète rẹ̀ ni kí ẹni tí ó bá gbà á já lè fi èrò ara rẹ̀ sínú ìwé lọ́nà tí yóò yé ẹlòmíràn. Ète náà dára. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ bóyá ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni ó ń fẹ́ àyẹ̀wò.

Láti ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù sì ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n ń tò sílẹ̀ kí olùdánwò mú ọ̀kan. Ẹni tí ó gba máàkì jùlọ níbẹ̀ kò kọ ẹyọ gbólóhùn kan. Ti WAEC sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àròkọ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wọ yunifásítì tán, tí ó bá ara rẹ̀ láàárín èrò rẹpẹtẹ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, objective náà ni ó tún máa ń bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi náà ru olùkọ́. Bí olùkọ́ kan bá ní àròkọ 800 láti kà, tí ó sì fi ìṣẹ́jú 10 ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò lé ní wákàtí 130 kí ó tó parí.

Ọdún ìkẹyìn ni àṣírí ń tú. Ẹni tí kò kọ ojú ìwé márùn-ún rí ni wọ́n ní kí ó kọ pẹ̀rójẹ́ẹ̀tì. Òmíràn á tọ alágbàkọ lọ, òmíràn á da iṣẹ́ ẹni tí ó ti jáde kọ. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT sì ti dé, owó alágbàkọ pàápàá kò pọn dandan mọ́. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gírámà nìyẹn, ó ti di ti òtítọ́ àti irọ́.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti wàláà rí mọ̀ pé alùfáà kì í to ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọ náà yóò ka tirẹ̀ sókè, ibi tí ó bá ti ṣì í yóò hàn létí alùfáà lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, àròkọ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ní ọdún 1961 ní Amẹ́ríkà, Paul Diederich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àròkọ 300 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kọ fún ènìyàn 53: àwọn olùkọ́, òǹkọ̀wé, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò, pé kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò láti 1 dé 9. Àròkọ 101 ni ó gba gbogbo ipò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò sì sí èyí tí ipò rẹ̀ kò tó oríṣi márùn-ún. Bí ẹnì kan ṣe ń wo ọgbọ́n inú rẹ̀ ni ẹlòmíràn ń wo sípẹ́lì. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn tí yóò ka ìwé kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń wá, kí ènìyàn méjì sì ka ìwé kan.

Ní yunifásítì Stony Brook ní New York, Peter Elbow àti Pat Belanoff gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Fáìlì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, lẹ́yìn tí ó bá ti tún un kọ, olùkọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò sì kà á. Ó ṣeé ṣe níhìn-ín bí àwọn aláṣẹ yunifásítì bá pín gbọ̀ngàn sí kíláàsì kéékèèké, tí wọ́n sì gba àwọn tí ń kàwé fún oyè kejì láti bá olùkọ́ ka ìwé. Kí ọ̀kan nínú iṣẹ́ inú fáìlì náà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ lójú olùkọ́, kí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọn tí wọ́n kọ nílé. Títí ìyẹn yóò fi dé, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹni ka tirẹ̀ lè kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, kí ó mú un tọ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí ó sì fún un ní bírò pupa.