Ìyàwó tó ń lọ wo ọkọ rẹ̀ ní Accra kì í ṣe onífàyàwọ́

Ní gáréèjì Èkó tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Accra, owó ọkọ̀ kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo èrò. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí rí ní iye tirẹ̀. Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì mọ́ láìsí òǹtẹ̀ kankan, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní "virgin", ń san jù ú lọ. Ẹni tí kò ní ju káàdì ìdánimọ̀ lọ tún ń fi kún un, ẹni tí kò sì mú ìwé kankan dání ló ń san jù nínú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń fi í pamọ́. Àlékún yìí kì í ṣe owó epo, kì í sì ṣe owó ìjókòó. Owó bodè ni, dírẹ́bà ló sì máa ń bá èrò pín in fún àwọn tó wọ aṣọ ìjọba lójú ọ̀nà.

Lára àwọn tó ń san owó yìí ni àwọn tó fẹ́ lọ rí ọkọ tàbí ìyàwó wọn. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Accra, ìyàwó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà míì, ìyàwó ló wà lọ́hùn-ún tó ń tajà, tí ọkọ sì wà nílé. Bí ọdún bá ń sún mọ́lé, tàbí tí ara ẹnì kan kò yá, ọ̀rọ̀ á di ti orí fóònù: "Ìyá Bọ́lá, wọkọ̀ máa bọ̀ jàre. Dírẹ́bà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Irú Ìyá Bọ́lá bẹ́ẹ̀ kò ní pásípọ́ọ̀tù. Kò ní nǹkan kan í ṣe ní ìlú òyìnbó, kò sì rò pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan òun. Ibi tó ń lọ kò ju nǹkan bí 460 kìlómítà lọ láti Èkó, kò tó ìdajì ọ̀nà tó lọ sí Kano.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ECOWAS ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, pé ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè rìn bó ṣe wù ú. Ìdajì òótọ́ ni. Àdéhùn tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 mú físà kúrò lọ́nà. Ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àdéhùn kan náà sọ pé kí onítọ̀hún mú ìwé ìrìnnà tó ṣì ní agbára dání, pẹ̀lú káàdì àbẹ́rẹ́ àjẹsára, kó sì gba ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí wọlé. Físà ni wọ́n fagi lé, wọn kò fagi lé ìwé. Ẹni tó bá sọ fún aya rẹ̀ pé "ECOWAS ni wá, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ẹ́ ṣe" ń ti í sínú wàhálà ni.

Ibi tí ẹ̀bi ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ìwé náà kò di dandan kó jẹ́ pásípọ́ọ̀tù. Láti ọdún 1985 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé ìrìnnà kékeré kan tí kò wúlò ju ààrin àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà lọ, tó sì rọrùn láti gbà ju pásípọ́ọ̀tù. Ní ọdún 2014, wọ́n tún fẹnu kò lórí káàdì ìdánimọ̀ kan tí aráàlú lè fi kọjá bodè. Senegal ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Ghana Card tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Accra lónìí, káàdì ECOWAS náà ni, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Nàìjíríà, tí wọ́n ti bí ECOWAS ní Èkó ní ọdún 1975, tó sì ní èrò jù lọ lójú ọ̀nà yìí, ló fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ títí di òní pé irú káàdì bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ wá wo iye tí pásípọ́ọ̀tù jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èyí tó kéré jù ní Nàìjíríà, olójú ewé 32 fún ọdún márùn-ún, ti di 100,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yìí máa ṣiṣẹ́ ju oṣù kan lọ, láìjẹ láìmu, kó tó lè gba ìwé tó máa fi lọ wo ọkọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ghana náà, owó pásípọ́ọ̀tù fò láti 100 sídì sí 500 ní ọdún 2024 kí wọ́n tó fà á wálẹ̀ sí 350 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìwé bá ti wọ́n tó báyìí, tí èyí tó rọjú kò sì sí nítòsí, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọjà máa ṣí ní bodè.

Ọjà náà sì gbòòrò. Láàárín Èkó àti Accra, bodè mẹ́ta ni: Sèmè, níbi tí Nàìjíríà ti pàdé Benin, Hillacondji, láàárín Benin àti Togo, àti Aflao, létí Lomé, tó wọ Ghana. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, èyí túmọ̀ sí pé ibi mẹ́fà ni wọ́n ti ń wo ìwé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ṣí ilé ńlá alájọlò kan ní Sèmè kí àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jókòó síbì kan náà, kí iṣẹ́ sì yá. Ilé ti yí padà. Ọwọ́ tó ń nà kò yí padà.

Ẹni tó sanwó kọjá á sọ pé òun ṣáà ti dé. Àmọ́ ohun tó rà kò pé. Kò sí òǹtẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka 90 ọjọ́ tí òfin fún un. Lójú òfin Ghana, kò tíì wọlé. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n bá dá a dúró, kò ní ohun tó máa fi hàn. Bí ó bá pinnu láti dúró ti ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni bó ṣe wọlé. Láìsí ìwé ìgbélùú, kò lè gba káàdì tí Ghana ń fún àjèjì, bẹ́ẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2022 ni àwọn báńkì Ghana ti sọ pé Ghana Card ni àwọn máa fi mọ oníbàárà tó ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ tó bá sì ń padà sílé, á tún san gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Accra, ọ̀rọ̀ ìwé yìí kì í ṣe eré fún Yorùbá, nítorí ojú wọn ti rí i rí. Kí Ghana tó gbòmìnira ní ọdún 1957, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni òun àti Nàìjíríà wà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì tan ká ọjà Ghana láti etí òkun títí dé Tamale, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Alata. Wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé. Ìwé wo ni wọ́n fẹ́ máa wá? Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tó ti lo ogún ọdún. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, àwọn kan sì fi ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Ghana sílẹ̀ pẹ̀lú ìlérí pé àwọn ń bọ̀.

Nàìjíríà náà san án padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ọmọ Ghana ló pọ̀ jù, gbé báàgì tí gbogbo ayé mọ̀ sí "Ghana Must Go". Bodè Ghana fúnra rẹ̀ sì wà ní títì láti ọdún tó ṣáájú, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn há sí Benin títí wọ́n fi ṣí i lópin oṣù náà. Ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí àwọn kan tún ṣe ìwọ́de ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ, àwọn àgbà tó gbọ́ ọ kò rẹ́rìn-ín. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ tòsí jùyẹn lọ ni ti àrùn Kòrónà. Ghana ti gbogbo bodè rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, pápákọ̀ òfurufú Kotoka ṣí padà. Bodè orí ilẹ̀ kò ṣí àfi ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Nǹkan bí oṣù mọ́kàndínlógún ni ẹni tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fi ń lọ wo aya rẹ̀, tí ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà òfin. Nàìjíríà náà ti ti bodè ilẹ̀ tirẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Kí ni tọkọtaya ṣe? Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, lórí ọ̀kadà, lóru. Nínú irú àsìkò yẹn ni ojú ọ̀nà di ojúlùmọ̀, tí àwọn tó ń mú èèyàn kọjá sì sọ ọ́ di iṣẹ́.

Àwọn aláṣẹ máa ń dáhùn pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. A kò lè fi ojú tín-ín-rín wo ìyẹn. Àwọn agbésùnmọ̀mí ń ṣọṣẹ́ ní àríwá Benin àti àríwá Togo, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọbìnrin gba ojú ọ̀nà yìí kan náà lọ sí oko ẹrú. Ṣùgbọ́n ta ló ń dá wọn dúró? Bodè tó ń gba owó kì í kọ orúkọ. Ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lówó lọ́wọ́ ju Ìyá Bọ́lá lọ, ó sì mọ òṣìṣẹ́ tó máa rí. Káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò ní Sèmè, tí orúkọ, àwòrán àti ìka rẹ̀ wà nínú rẹ̀, máa sọ fún ìjọba nípa ẹni tó kọjá ju owó tí wọ́n ká sí àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ. Ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ tọkọtaya yìí kò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n ti ṣe ìdána, ẹbí ti jẹ ẹbí ti mu, ó parí. Níwájú òṣìṣẹ́ bodè tàbí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ghana ti ní òfin láti ọdún 1985 tó gba ìgbéyàwó ìbílẹ̀ láàyè láti wà nínú ìwé ìjọba, ìwé òfin rẹ̀ ti ọdún 1992 sì gba ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ Ghana láàyè láti béèrè fún ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Nàìjíríà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 26 ìwé òfin ọdún 1999 fún obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní yìí, kò fún ọkùnrin. Ọmọ Ghana tó fẹ́ ọmọ Ìbàdàn, àjèjì ni yóò máa jẹ́ nílé àna rẹ̀, bó ti wù kí ọmọ wọn pọ̀ tó. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin ní Abuja tijú èyí.

Ohun tó kù lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà kò le. Kí káàdì ìrìnnà ECOWAS dé ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní gbogbo ìpínlẹ̀, ní owó tí aránṣọ lè san, kí Benin, Togo àti Ghana sì gbà á láìsí àríyànjiyàn. Kí wọ́n lẹ iye tí òfin ní kí èrò san mọ́ ògiri bodè, ní Yorùbá, ní Ewé, ní Faransé, títí kan ibi tí iye náà ti jẹ́ òfo.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ wo ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ní Accra máa kọ́kọ́ lọ béèrè ìwé ìrìnnà ECOWAS ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì gba àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti káàdì rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dé bodè, kó má fi ìwé rẹ̀ lé ọmọ ọkọ̀ lọ́wọ́. Kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tò sórí ìlà, kó sì ka ọjọ́ tí wọ́n lù sí i kó tó padà wọ bọ́ọ̀sì.