Ẹ Jẹ́ Kí Kòkó Gbẹ: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ní Lágéré àti Sábó. Lóru ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń gbọ́ ìṣọ́ òru yín láti ojú fèrèsé mi. Orin yín dùn, àdúrà yín gbóná, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń kọ mí lóminú: ìdánwò tí a jí ìwé wò ṣe, owó yahoo tí a yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀ wá sí ilé Ọlọ́run, ohun tí fóònù mọ̀ tí pásítọ̀ kò mọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn fún yín.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ìdí òṣùwọ̀n ni mo wà lọ́dọ̀ oníṣòwò kòkó kan. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò wá, mo mọ ọgbọ́n tí mo ń dá tí ìwọ̀n rẹ̀ á fi dín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi náà ni mò ń wọ aṣọ akọrin. Kò sẹ́ni tó fura. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń yẹ kòkó wò bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkó tó ń dán lójú ni o, àmọ́ inú rẹ̀ ti bu. Wọn kò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó kó o sínú àpò. Ó ní kí wọ́n gbé e padà. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni pé inú mi ló là wò.

Ó tó oṣù kan kí n tó lè tọ àwọn àgbẹ̀ náà lọ, kí n jẹ́wọ́, kí n sì máa san owó wọn padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan lé mi jáde. Ìyá arúgbó kan sunkún, ó sì súre fún mi. Nígbà tí Jésù wọ ilé Sákéù, ọ̀rọ̀ tálákà àti owó olówó ló jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ni ìwà mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi náà.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ìtàn ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, tòsí wa níbí, ní oṣù Keje ọdún 1930, nígbà tí èrò ń wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Nínú ìsọjí yẹn ni ìjọ Christ Apostolic Church ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka oṣù. Oṣù Kẹwàá ọdún 1928 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 yìí gbọ́ ìpè, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Oṣù 21 ló wà láàárín méjèèjì. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gbààwẹ̀, ó padà sí Odò-Ọwá ìlú rẹ̀, àwọn ènìyàn rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1929, ó ṣe ìrìbọmi l'Ékòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, oṣù Keje 1930 lẹ ń tọrọ nínú àdúrà. Ta ló ń tọrọ oṣù 21 náà?

Ẹ má sọ pé bàbá ń di ẹrù lé wa lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní oko kòkó ní Ifẹ̀: àgbẹ̀ kọ́ ló ń mú kòkó gbẹ, oòrùn ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló ń sá a. Ó ń tẹ́ ẹ síta, ó ń yí i, bí òjò bá ṣú, ó ń sáré bò ó. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni oòrùn wa. Kò sí ààwẹ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí á tẹ́ ọkàn sílẹ̀ síwájú Rẹ̀ lójoojúmọ́, kí á má di í sínú àpò nígbà tó ṣì tutù.

Nítorí náà, kí fóònù tó kan ọwọ́ yín láàárọ̀, ẹ ka Bíbélì, ì báà jẹ́ ẹsẹ díẹ̀, kí ẹ sì ṣe ohun tí ẹ kà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ ní àgbà kan tí ẹ lè jẹ́wọ́ fún. Ohun tí kì í ṣe tiyín tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà, bó tilẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ má fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹ tún ọkàn sá.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀bẹ yóò kan kòkó kálukú wa. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí òṣùwọ̀n tèmi. Ẹ̀yin ṣì ní oòrùn púpọ̀ níwájú: ẹ máa sá ọkàn yín.

Èmi ni bàbá yín tó fẹ́ràn yín,
Ilé-Ifẹ̀.